Ẹyẹ Di Ẹ̀yẹ: Bí Purnima Barman Ṣe Gbé Ìròyìn Ẹyẹ Abúlé Rẹ̀ Dé Òkè Òkun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ méjì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kìíní ni ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹ̀yẹ. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ àwọn méjèèjì. Àmì ohùn tí ó wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹyẹ ni ẹ̀dá abìyẹ́ tí ń fò lójú ọ̀run. Ẹ̀yẹ ni iyì tí a ń bù fún ẹni tí ó ṣe ohun rere. Ìtàn tí a mú wá fún yín jẹ́ ti obìnrin kan tí ó mú ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé.

Orúkọ obìnrin náà ni Purnima Devi Barman. Ọmọ ìpínlẹ̀ Assam ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Índíà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Princess Anne, ọmọbìnrin Ọbabìnrin Elizabeth, ni ó fi àmì ẹ̀yẹ Whitley lé e lọ́wọ́. Àmì ẹ̀yẹ yìí ni wọ́n máa ń fún àwọn tí ń dáàbò bo ẹyẹ, ẹranko àti igbó ní orílẹ̀-èdè wọn.

Kí ni Purnima ṣe tí wọ́n fi pè é wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ẹyẹ kan ni ó dáàbò bò. Ẹyẹ náà kì í ṣe ẹyẹ ẹlẹ́wà, kì í sì í kọrin dídùn. Ẹyẹ tí àwọn ará abúlé ń lé kúrò ní àgbàlá wọn ni. Wọ́n ní ó ń rùn, wọ́n sì ní ó ń fa orí burúkú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìròyìn irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ní òkè òkun ń fẹ́ láti gbọ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa náà.

Ẹyẹ tí ń gbé eegun mì

Hargila ni orúkọ ẹyẹ náà ní èdè Assam. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹni tí ń gbé eegun mì", nítorí pé ẹyẹ náà lè gbé odindi eegun mì. Ẹyẹ ńlá ni. Bí ó bá dúró, ó ga tó nǹkan bí mítà kan ààbọ̀. Bí ó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, láti ìkángun kan dé èkejì lè tó mítà méjì ààbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Orí rẹ̀ pá bí orí igún, àpò awọ kan sì rọ̀ sí i lọ́rùn. Ó ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè ní marabout.

Hargila ń jẹ ẹja, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́. Ó sì ń jẹ òkú ẹran. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ràn ààtàn. Ní ẹ̀bá Guwahati, tí ó jẹ́ ìlú tí ó tóbi jù ní Assam, ààtàn ńlá kan wà tí àwọn hargila ti ń rìn kiri láàrin àwọn ènìyàn tí ń ṣa ìdọ̀tí.

Ní ayé àtijọ́, hargila pọ̀ ní ìlú Kolkata, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Calcutta nígbà náà. Wọ́n ń kó òkú ẹran kúrò ní ìgboro. Àwọn alákòóso ìlú mọ rírì iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ya àwòrán ẹyẹ náà méjì sára àmì ìlú. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ènìyàn gbẹ́ àbàtà, wọ́n gé igi ńlá, wọ́n kọ́ ilé. Hargila kúrò ní Kolkata. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń yé, tí ó sì ń pamọ lónìí: ìpínlẹ̀ Assam àti ìpínlẹ̀ Bihar ní Índíà, àti orílẹ̀-èdè Kàmbódíà.

Ní Assam, hargila kì í yé sínú igbó. Orí igi gíga tí ó wà ní àgbàlá àwọn ènìyàn ni ó ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ń dà sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Eegun àti ẹja jíjẹrà ń já bọ́ láti inú ìtẹ́. Ẹ rò ó wò: ta ni ó fẹ́ kí eegun òkú ẹran máa já lulẹ̀ ní ibi tí ó ń sá aṣọ sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń ṣeré? Àwọn onílé rí ojútùú kan ṣoṣo. Wọ́n ń gé igi náà.

Ọjọ́ tí igi kan wó

Ní ọdún 2007, Purnima ń ṣe ìwádìí nípa hargila kí ó lè gba ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé. Ó gbọ́ pé wọ́n ń gé igi kan ní abúlé Dadara. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, igi ti wó. Ọmọ ẹyẹ mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìtẹ́ orí igi náà. Gbogbo wọn ni ó bá igi lulẹ̀.

Purnima bi onílé léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbínú ni ó fi dá a lóhùn. Àwọn aládùúgbò yí Purnima ká, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ràn ẹyẹ náà tó bẹ́ẹ̀, kí ó wá máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn. Ìyá ìbejì ni Purnima, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì sì kéré nígbà náà. Àwọn ọmọ ẹyẹ tí ó wà nílẹ̀ mú un rántí àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nílé.

Ó lè bínú lọ sílé. Ó sì lè lọ fi ẹjọ́ ọkùnrin náà sùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ro ọ̀rọ̀ náà, ó yé e pé onílé yìí kì í ṣe ọ̀tá. Igi tirẹ̀ ni. Àgbàlá tirẹ̀ ni ẹyẹ ń bà jẹ́. Kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ẹyẹ tí ó ń lé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní èdè tí ará abúlé kò lè kà.

Purnima dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọdún 2019 ni ó tó gba ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Ọmọ ogun tí kò gbé ìbọn

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Purnima kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe gan-an nìyẹn. Ó tọ àwọn ìyá lọ. Ó lọ bá wọn ní ibi tí wọ́n ti ń péjọ láti gbàdúrà. Ó ṣètò ìdíje oúnjẹ sísè. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, tí ara tù wọ́n, a wá sọ̀rọ̀ ẹyẹ.

Ní Assam, bí obìnrin bá lóyún, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń péjọ láti súre fún un. Purnima àti àwọn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ayẹyẹ yìí fún hargila nígbà tí ó bá fẹ́ yé. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́gbin di ìyá ọlọ́mọ lójú wọn. Ẹni tí ó bá ti súre fún ìyá, yóò ṣòro fún un láti pa ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tún ń pe àwọn onígi jáde ní gbangba, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ará abúlé. Wọ́n ta àwọ̀n sí abẹ́ igi kí ọmọ ẹyẹ tí ó bá já má baà kú. Wọ́n fi ọparun kọ́ ibi gíga tí ẹyẹ lè kọ́ ìtẹ́ sí, ẹyẹ sì pamọ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun kan ṣì kù. Ìyìn nìkan kò lè bọ́ ilé. Purnima wá òfì àti òwú fún àwọn obìnrin náà. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ń hun àwòrán hargila sí ara rẹ̀. Wọ́n ń tà á. Báyìí ni ẹyẹ tí ń ba àgbàlá jẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wọ inú ilé. Obìnrin tí ó ń rí owó ọbẹ̀ lára aṣọ alẹ́yẹ ti ní ọ̀rọ̀ láti bá ọkọ rẹ̀ sọ bí ọkọ bá gbé àáké.

Àwọn obìnrin náà sọ ẹgbẹ́ wọn ní ọmọ ogun Hargila. Lónìí, wọ́n ti ju 10,000 lọ. Ní abúlé Dadara, Pacharia àti Singimari, ìtẹ́ 28 péré ni ó wà nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, ìtẹ́ náà ti ju 250 lọ. Kò sí ibòmíràn ní ayé tí hargila pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àkókò ìyé. Ní ọdún 2023, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ohun àdámọ́, tí a ń pè ní UICN ní èdè Faransé, yọ hargila kúrò láàrin àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun ń bá fínra. Ewu kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó dínkù.

Àwọn wo ni olólùfẹ́ ẹyẹ?

Kí a tó sọ ohun tí Purnima gbé lọ sí òkè òkun, ó yẹ kí a mọ àwọn tí ó lọ bá níbẹ̀.

Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn wo ẹyẹ. Wọn kì í pa á, wọn kì í sì í mú un. Awò olójú méjì ni wọ́n ń gbé sójú, èyí tí ó ń mú ohun tí ó jìnnà sún mọ́ni. Wọ́n ní ìwé kékeré kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sí, ọjọ́ tí wọ́n rí i àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹlòmíràn nínú wọn lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí ẹyẹ kan ṣoṣo.

Èyí lè pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irú àwọn ènìyàn báyìí ni ó ti yí òfin padà. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ọlọ́lá ní Yúróòpù ń fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ń pa àwọn ẹyẹ funfun tí ó jọ lékèéléke tiwa lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí ìyẹ́ wọn. Ní ọdún 1889, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emily Williamson pe àwọn obìnrin mìíràn jọ nílé rẹ̀, ní ẹ̀bá Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní fi irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ó dàgbà di ẹgbẹ́ RSPB, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju 1,000,000 lọ lónìí. Ní ọdún 1921, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó de kíkó ìyẹ́ ẹyẹ wọ̀lú fún ọjà. Bí ó ti rí ní Assam, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Manchester: àwọn obìnrin ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ ní ibi ìpàdé tiwọn. Ní ọdún 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà ọdọọdún kan ní ẹ̀bá adágún odò Rutland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà náà wáyé títí di ọdún 2019. Ní ọdún 2022, òmíràn gba ipò rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Global Birdfair. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń pa àtẹ. Wọ́n ń fi àwòrán hàn, wọ́n ń sọ ìtàn ẹyẹ ìlú wọn. Wọ́n sì ń lo owó tí ọjà náà bá mú wá fún ìdáàbòbò ẹyẹ ní oríṣiríṣi ilẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ fi ń kọjá ẹnu ibodè. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò mọ ibodè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, ọkùnrin kan fi òrùka kékeré sí ẹsẹ̀ alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà wà lára òrùka náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ yìí kan náà ní Gúúsù Áfíríkà. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé alápàǹdẹ̀dẹ̀ tí ń sá fún òtútù ní Yúróòpù ń la ilẹ̀ Áfíríkà kọjá. Bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dáàbò bò ó, tí àwa kò dáàbò bò ó, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ di asán. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àwa bá ṣe tiwa, tí àwọn kò ṣe tiwọn.

Ohun tí Purnima gbé lọ àti ohun tí ó gbé bọ̀

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí Purnima kó ròde kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣiṣẹ́ ní abúlé, láti ọdún 2007 tí igi wó títí di ọdún 2017 tí Lọ́ńdọ̀nù fi bu ọlá fún un. Bí a bá wo bí ó ti ń sọ ìtàn náà káàkiri ayé, a ó rí ohun mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́gbọ́n.

Èkíní, ó gbé orúkọ tí ẹyẹ náà ń jẹ́ nílé lọ. Ẹyẹ náà ní orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Purnima kò fi wọ́n rọ́pò orúkọ ilé. Hargila ni ó ń pè é. Lónìí, àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń pe hargila bí àwọn ará Dadara ti ń pè é.

Èkejì, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kí ó tó ka iye ẹyẹ. Ẹni tí ó bá sọ pé ìtẹ́ ti di 250 ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe é àti bí ó ti ṣe é. Àwọn ìyá, àwọn onígi àti àwọn ahunṣọ ni ó wà nínú ìtàn náà.

Ẹ̀kẹta, kò fi ìtìjú pamọ́. Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá dé òde, ohun tí ó dára nìkan ni a ń sọ. Purnima ń sọ ọ̀rọ̀ igi tí ó wó. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi í ṣe. Kò sì sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó gé igi náà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ òǹrorò. Nítorí ìyẹn ni àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ibòmíràn fi lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, nítorí pé àwọn náà ti rí igi tí ó wó.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ó rí gbà lóde padà wá sílé. Owó 35,000 pọ́n-ùn ni ó bá àmì ẹ̀yẹ ọdún 2017 wá. Owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó àpò. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù tí wọ́n ń fún àwọn tí ń tọ́jú àyíká. Ní ọdún 2024, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Whitley, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 100,000 pọ́n-ùn. Ara ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe ni kí iṣẹ́ náà tàn dé ibòmíràn tí hargila wà, títí kan Kàmbódíà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ibẹ̀. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbé ìtẹ́ kan ró ní Dadara. Onígi ni ó gbé e ró. Òun ni ìgbẹ́ ẹyẹ ń dà sí lágbàlá títí di òní. Òun ni ó lè ta pákó igi náà kí ó sì rí owó. Bí ẹni tí ó rìnrìn àjò bá di olókìkí, tí onígi kò sì rí nǹkan kan gbà, àáké yóò tún dún. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ìròyìn tí a gbé lọ sí òde náà gbọ́dọ̀ re ilé, kí ó sì mú nǹkan dání fún àwọn tí ó ni ín.

Igún tiwa ń kọ́?

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa ro ẹyẹ kan láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Orí rẹ̀ pá. Ó ń jẹ òkú ẹran. Ó ń dúró sí ààtàn àti sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. A kì í fẹ́ kí ó bà lé òrùlé wa. Igún ni.

Àwọn baba wa sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọ́n mọ̀ pé igún ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Òkú ẹran tí ó lè tan àrùn kálẹ̀, igún a jẹ ẹ́ tán kí ó tó jẹrà. Inú igún lágbára débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tí ó lè pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n igún ń tán lọ. Ní ọdún 2015, àjọ UICN fi igún kékeré tí ó máa ń gbé láàrin wa sí ìpele ewu tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parun nínú igbó. Àwọn kan ń fi májèlé sí òkú ẹran, igún sì ń jẹ ẹ́. Àwọn kan ń pa á nítorí orí rẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún oògùn. Igi ńlá tí ó ń yé sí sì ń dínkù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ní orílẹ̀-èdè Guinée-Bissau, igún tí ó ju 2,000 lọ ni májèlé pa. Wọ́n rí òkú àwọn kan nínú wọn tí a ti gé orí wọn lọ.

Àwọn ará Índíà lè sọ fún wa ohun tí àìsí igún ń fà. Láti nǹkan bí ọdún 1990 sí ìwájú, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀. Oògùn ìrora kan tí wọ́n ń fún màlúù, tí a ń pè ní diclofenac, ni ó ń pa wọ́n nígbà tí wọ́n bá jẹ òkú màlúù náà. Nínú àwọn ẹ̀yà igún tí ó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ohun tí ó ju 95 lọ nínú 100 ni ó parun. Òkú màlúù wá ń jẹrà káàkiri. Ajá ìgboro pọ̀ sí i, ewu àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ sí i pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 2006, Índíà, Pakistan àti Nepal fi òfin de lílo oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ igún.

Bí ọmọ wa kan bá rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun lónìí, tí olólùfẹ́ ẹyẹ kan sì bi í pé, "Báwo ni igún yín?", kí ni yóò sọ? Ṣé yóò sọ pé a ti ní òwe tí ó ní kí a má pa á? Ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni bóyá a ń pa òwe náà mọ́.

Ohun tí olúkúlùkù lè ṣe

Kò di ìgbà tí ènìyàn bá di ọ̀mọ̀wé kí ó tó lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹyẹ tí ẹ mọ̀ sínú rẹ̀ ní èdè wa: igún, àwòdì, lékèéléke, alápàǹdẹ̀dẹ̀, odídẹrẹ́, àdàbà. Ẹ bi àwọn àgbà pé àwọn wo ni wọ́n máa ń rí nígbà èwe wọn tí wọn kò rí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí igi kan bá wà ládùúgbò yín tí ẹyẹ ńlá ń yé sí, ẹ mọ onígi náà, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi májèlé sí òkú ẹran.

Bí ìrìn àjò bá kan yín, tàbí tí àlejò olólùfẹ́ ẹyẹ bá wá sí abúlé yín, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un láìtijú. Ẹ pe ẹyẹ ní orúkọ tí ẹ ń pè é nílé. Ẹ dárúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ẹ má ṣe fi ibi tí ẹyẹ ọ̀wọ́n ń yé sí han ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa, nítorí pé ọdẹ náà lè pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ ẹyẹ. Ẹ má sì ṣe gbé ẹyin, ìyẹ́ tàbí orí ẹyẹ kọjá ibodè láti fi ṣe ẹ̀bùn. Òfin àgbáyé de ti ọ̀pọ̀ ẹyẹ, odídẹrẹ́ wà lára wọn. Ìtàn ẹnu yín àti ohun tí ẹ kọ sínú ìwé tó láti gbé lọ.

Ní Dadara, ìyá kan tí kò jáde ní abúlé rẹ̀ rí lè máa hun hargila sára aṣọ báyìí bí a ti ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹyẹ gidi wà lókè orí igi àgbàlá, ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń dà sílẹ̀. Ìyá náà yóò gbá a láàárọ̀ ọ̀la, yóò sì padà sídìí òfì rẹ̀.